Ọmọ́níkẹ́ Létí Ọ̀run Kẹrin

Ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, torí dandan ni kí ẹ gbọ́ èyí. Ọmọbìnrin kan wà ní yàrá fáìlì ní káńsù Ìlọ́fà tó dúró létí òkúta kan lójú ọ̀run fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Kò fò, kò sì padà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó dá a dúró síbẹ̀ kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ fún yín, kí n má baà fi ìdùnnú sáré kọjá ibi tó dùn.

Ọmọ́níkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Ọ̀pin ni, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bó bá sì ń rìn, ó máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè ju bó ti yẹ lọ, bí ẹni pé ilẹ̀ lè yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ nígbàkúùgbà. Àwọn ará ọ́fíìsì a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Níkẹ́, ṣé omi wà nílẹ̀ ni?" Omi kọ́. Géèmù ni.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ ti Ìlọrin dé pẹ̀lú àpótí dúdú kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Pádì méjì tí wọ́n fi ń gbá géèmù ló bá a wá, ọ̀kan ti kú, èkejì ń ṣòjòjò. Nínú àpótí yẹn ni Níkẹ́ ti rí i pé ènìyàn lè jẹ́ onígun mẹ́rin kéékèèké mẹ́rìndínlógún péré, kó sì tún ní ìwà. Ó ń fò láti orí òkúta dé orí òkúta. Ó já bọ́, ó kú, ó jí, ó tún fò. Kò sí ẹni tó kọ́ Níkẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Títí ó fi wọṣẹ́ káńsù, irú géèmù onífífò ti ayé àtijọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, pàápàá èyí tí ìtàn inú rẹ̀ bá jẹ́ ti ọkọ̀ òfurufú àti ayé tí oòrùn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Nígbà tó gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan nílẹ̀ wa náà ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe irú rẹ̀, ó wọ ẹgbẹ́ wọn lórí Wáásáàpù. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Ẹ rí i, ẹnìkan lè má mọ iyán gún, kí kókó kan ṣoṣo inú rẹ̀ má sì rí ibi fara pamọ́ sí fún ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Níkẹ́ rí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí i kí wọ́n tó gbé e jáde.

Bí géèmù bá ti dé, yóò ṣí fáìlì fún un, páálí aláwọ̀ ilẹ̀ bíi ti ọ́fíìsì, nọ́ńbà lójú. Ohun gbogbo tó bá rí, yóò fi báírò kọ ọ́, àmì ohùn á pé lórí rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ń bí i nínú bí Yorùbá tí kò lórí tí kò nídìí. Níparí, yóò kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta sísàlẹ̀ ìwé: Ó yè. Ó kù díẹ̀. Ó sùn. "Ó sùn" ni ti èyí tí kò ní jí mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, bí ó ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, fóònù rẹ̀ dún. Olúwakáyọ̀dé ni, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, tíṣà ìṣirò kan ní Èrúkù, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ohùn ló fi ránṣẹ́.

"Àǹtí Níkẹ́, ẹ kú ìsinmi o. Mo ti parí ẹ̀. Ọdún méjì, Àǹtí mi! Àlejò Òfurufú ni mo pè é. Ṣé ẹ mọ Prosper, ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ábújá? Ó ti bá mi ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù táìlì, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ti ọ̀la ni wọ́n ń retí mi. Mo ti bá a ṣàdéhùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, màá wá gba fáìlì mi ní káńsù. Tí ẹ bá kọ 'ó sùn' sí i, màá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, màá sì wọ mọ́tò Àbújá. Mi ò ní bínú. Ẹ̀yin lẹ ò mọ irọ́ pa."

Níkẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ igi máńgòrò. Ó pè é.

"Káyọ̀dé, orí ẹ pé ṣá? Àbí akọ̀wé káńsù lo wá gbé ẹ̀mí iṣẹ́ ọdún méjì lé lọ́wọ́?"

"Ẹ ṣáà gbá a dé ìparí, Àǹtí mi."

"Màá gbá a. Ṣùgbọ́n mi ò ní tìtorí Àbújá ṣàánú ẹ o."

"Ìdí tí mo fi gbé e fún yín nìyẹn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Òkè-Ọ̀pin. Ìyá rẹ̀ ń bẹ gbágùúdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ikùukùu ọyẹ́ ti bo ìdí àwọn òkè, orí wọn nìkan ló kù lókè, bí ẹni pé kò sí ohun tó gbé wọn dúró. Níkẹ́ ṣí láptọ́ọ̀pù, ó sì rí òkè kan náà nínú rẹ̀. Òkúta léfòó lójú òfurufú, pẹrẹsẹ lókè, ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni Káyọ̀dé lò: dúdú, aró, osùn àti ẹfun. Obìnrin kékeré kan nínú aṣọ ẹfun rọ̀bọ̀tọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ tó ti fọ́. Ọ̀run márùn-ún ló gbọ́dọ̀ là kọjá kó tó lè padà sílé, kó sì máa ṣa irin ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ lọ́nà. Níkẹ́ ti ń pe obìnrin náà ní Àbúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbá irú rẹ̀ rí, fífò ni ẹ̀mí rẹ̀. Bó bá burú, kò sí ìràwọ̀ tó lè bò ó. Níkẹ́ tẹ bọ́tìnnì. Àbúrò kọ́kọ́ rọ orúnkún, ó gbéra, ó dé òkè pátápátá, ó sì dúró níbẹ̀ fún ìpajú kan, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe lókè, kó tó máa bọ̀ wálẹ̀. Inú Níkẹ́ dùn débi pé ó fò ó nígbà ogún lójú kan náà. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì: "Fífò: ó dùn. Ìdúró lókè: ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Orin inú géèmù náà kò ju ìró mẹ́ta lọ, bíi kí ẹyẹ máa kọrin nínú agolo. Ó kọ ìyẹn náà.

Ní ọ̀run kejì, inú bí i. Ẹ̀rọ kan tó dà bí ènìyàn, tó ti dógùn-ún láti orí dé ẹsẹ̀, ń yọ láti ẹ̀yìn láì dún, ó ń ti Àbúrò ṣubú. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló tì í. Báírò kọ ọ́ gàdàgbà: "Ìrẹ́jẹ."

Ọ̀run kẹta ni òjò ti ń rọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìyá rẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Òjò wo lèyí tó ń padà sọ́run? Ta ló bí i nínú?"

"Màámi, ayé ibòmíràn ni."

"Mo rí i. Kò sí ẹni tó ń gbin usu níbẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé ọ̀run kẹrin. Àbúrò rìn títí, òkúta tán. Kò sí òmíràn níwájú, kò sí nísàlẹ̀, aró nìkan ló tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Lókè, lẹ́tà ńláńlá funfun tò jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìró kékeré fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan:

MA FO

Níkẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ náà yé e kedere. A kan ṣoṣo, "má" nìyẹn. Ìbá jẹ́ "máa", A méjì ni ì bá jẹ́. Bó ṣe ń tún ìwé àwọn ẹni ẹlẹ́ni kọ ní káńsù láti ọdún mẹ́rin nìyẹn. Má fò. Ó dára, kò ní fò. Ó dúró kó rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Oòrùn àkọ́kọ́ rọra wọ̀, èkejì tẹ̀lé e bí ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ odò. Ìràwọ̀ yọ kan, ó yọ méjì, lẹ́yìn náà wọ́n tú yẹbẹyẹbẹ bí ìyẹ̀fun láti ojú asẹ́. Orin náà jọ̀wọ́ ìró rẹ̀ méjì sílẹ̀, ó ku ẹyọ kan tó ń dún lọ́nà jíjìn. Nígbà náà ni Níkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé èjìká Àbúrò ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó ń mí. Láti ọ̀run kìíní ló ti ń mí, ìsáré kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Ó dúró. Bóyá ọkọ̀ kan ń bọ̀ wá gbé e. Ọkọ̀ kò dé. Oòrùn méjèèjì tún là, wọ́n tún wọ̀.

"Wá sí ulé, ọbẹ̀ ti jinná," ìyá rẹ̀ wí. Kò gbọ́. Ìyá náà wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Kí ni ọmọ yìí ń retí?"

"Mi ò mọ̀, Màámi. Wọ́n ní kó má fò."

"Ta ló ní kó má fò?"

"Ọ̀run ni."

"Tó bá ṣe pé ọ̀run ló sọ ọ́, kí ó jókòó. Àbí kò sí àpótí lọ́hùn-ún ni?"

Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ fa àpótí kan, ó jókòó. Àwọn méjèèjì ń wo ìràwọ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ìyá náà ní, "Mo dúró báyìí rí létí ọ̀nà Òsí, nígbà tí mo wà lọ́mọge. Mò ń retí mọ́tò. Mọ́tò ò dé. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn di òní."

"Ta ni ẹ ń retí nínú mọ́tò náà?"

"Mọ́tò ni mo ní mò ń retí."

Lọ́jọ́rú, Níkẹ́ gbé láptọ́ọ̀pù lọ ọ́fíìsì. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ó tún gbé Àbúrò dé etí òkúta yẹn, ó dúró. Amirat tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ na ọwọ́ síwájú ojú rẹ̀. "Níkẹ́, ṣé o ṣì wà láyé?" Níkẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá òun náà lójú. Lórí ọ̀kadà tó gbé e relé, àwọn òkè léfòó lójú ọ̀nà, ikùukùu gbé wọn, ó sì ń bẹ̀rù láti mí kankan, kí wọ́n má baà rọ́ lọ. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tún dúró. Kò sí ohun tó yí padà. Kò sí ọkọ̀, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ohùn. Ẹwà nìkan ló wà níbẹ̀, ẹwà tí kò mú ẹnikẹ́ni dé ibì kankan.

Ọjọ́bọ̀ dé. Fáìlì ń dúró dè é. Òfin tirẹ̀ ni pé géèmù tí kò ṣeé gbá parí, òkú ni, ó sì ti fi òfin yẹn dá ẹjọ́ àwọn mìíràn láì ṣẹ́jú. Ó rí Káyọ̀dé lọ́kàn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ń nu eruku orí táìlì, tó sì ń ka onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó ti mọ̀ ọ́n níbì kan. Ṣé kí ó kọ "ó yè" ná, kó sì bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀? Ọmọ náà ti ní Níkẹ́ kò mọ irọ́ pa. Ó mú báírò, ó kọ ọ́: "Ọ̀run kẹrin: ó dára ju ohunkóhun tí mo ti rí nínú géèmù lọ. Kò ní ọ̀nà àbáyọ. Ó sùn."

Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Káyọ̀dé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú káńsù, eruku Èrúkù pọ́n lórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájà Hùmúàní, ọ̀gá yàrá fáìlì, ó kí Amirat, ó gba páálí aláwọ̀ ilẹ̀ náà. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń kà á. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rín náà kò mọ ibi tí yóò gbà.

"Kò ní ọ̀nà àbáyọ báwo?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àǹtí Níkẹ́, ẹ fò ni!"

"O ní kí n má fò."

"Èmi? Mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ẹ máa fò!"

"A mélòó lo kọ?"

Ó ronú. "Ọ̀kan."

"Ọ̀kan! A kan, 'má' nìyẹn!"

"Ah! Àǹtí mi, ta ló ń kọ A méjì lórí fóònù? 'Ma bọ̀', 'ma lọ', gbogbo ayé ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀!"

"Gbogbo ayé kò kọ́ mi níṣẹ́."

Àlàájà Hùmúàní ti yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tẹjú mọ́ láptọ́ọ̀pù. "Ma... fo. Má fọ̀. Kí ni wọn ò gbọdọ̀ fọ̀? Aṣọ tó wọ̀ yẹn? Ó mọ́ ṣá."

"Rárá, Àlàájà," Amirat wí, "màá fọ́ ni. Òkúta ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun máa fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Káyọ̀dé nìkan kò rẹ́rìn-ín. Ó di orí mú. "Lẹ́tà ayé àtijọ́ ni mo lò. Onígun mẹ́rin kéékèèké mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òró. Kò sí àyè àmì lórí, kò sí àyè àmì nísàlẹ̀. Ọdún méjì, Àǹtí Níkẹ́, A kan ṣoṣo ló fẹ́ gbé mi dé Àbújá."

Níkẹ́ fa láptọ́ọ̀pù sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó gbé Àbúrò dé etí òkúta. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni ọwọ́ rẹ̀ ti kọ bọ́tìnnì yìí níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Àbúrò rọ orúnkún, ó fò sínú òfìfo. Ó dé òkè, ó dúró fún ìpajú kan, ó ń bọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ohun kan. Ìlà ẹfun tín-ín-rín kan yọ lábẹ́ rẹ̀, ó tàn, ó gbà á. Ó tún fò, òmíràn tún yọ. Bó bá fò ni ọ̀nà ń wà, bí kò bá fò, kò sí ọ̀nà. Amirat pariwo. Láàárín wákàtí kan, wọ́n ti gba ọ̀run karùn-ún kọjá, wọ́n ti to irin ọkọ̀ pọ̀, Àbúrò sì ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé.

"Ẹ gbé e wá," Káyọ̀dé wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi A kejì síbẹ̀ kíákíá, kí ẹ tún fáìlì kọ."

Níkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dúró ná. Ìwọ ti dúró níbẹ̀ rí?"

"Níbo?"

"Létí òkúta yẹn. Kí o má ṣe nǹkan kan."

"Kí ni màá dúró ṣe? Mo mọ ọ̀nà."

"Ta ló wá ṣe oòrùn tó ń wọ̀? Ta ló ṣe ìràwọ̀?"

Káyọ̀dé họ orí, ó fajú ro. "Ìràwọ̀... Ó ti pẹ́. Mo fi dán an wò ni, bóyá láptọ́ọ̀pù mi lè gbé e. Mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀."

Níkẹ́ gbé Àbúrò padà sí ọ̀run kẹrin, ó yí ojú láptọ́ọ̀pù sí i. "Jókòó."

Ó jókòó. Oòrùn kìíní wọ̀. Èkejì tẹ̀lé e. Ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìyá kan tó wá forúkọ ọmọ tuntun rẹ̀ sílẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, Àlàájà fi ìka dí ẹnu fún un, òun náà bá wọlé, ó dúró tọmọtọmọ, ó ń wò. Tíì Àlàájà tutù. Níta, ọyẹ́ ń fẹ́ ewé gbígbẹ kiri inú ọgbà, títí oòrùn méjèèjì fi tún là.

"Èmi ni mo ṣe èyí?" Káyọ̀dé béèrè. Ó béèrè bí ẹni tí wọ́n fi àwòrán tí wọ́n yà á lójú oorun hàn.

Ní ọ́fíìsì wọn, a kì í ya ìwé fáìlì. Níkẹ́ fa ìlà kan la "Ó sùn" kọjá, ó sáìnì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Káyọ̀dé na ọrùn. Báírò kọ ọ́: "Ó kù díẹ̀." Ó tẹ àmì orí "kù" mọ́lẹ̀ débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ikú síbẹ̀.

"Díẹ̀ kí ni?" ọmọ náà lọgun. "Ẹ ti gbá a parí!"

"Ẹ̀rọ tó dógùn-ún ní ọ̀run kejì. Ìrẹ́jẹ ni. Jẹ́ kí ó dún kó tó yọ."

"Ó tán?"

"Ó tán."

"Àti MA FO ńkọ́?"

"Má fọwọ́ kàn án."

"Má, àbí máa?"

Níkẹ́ fi fáìlì gbá a lórí, gbogbo yàrá sì bú sẹ́rìn-ín, títí kan ìyá ọmọ tuntun.

Káyọ̀dé jáde lọ sábẹ́ igi láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ojú fèrèsé, ohùn tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. "Bọ̀ọ̀dá Prosper, kò sùn o... Ó kù díẹ̀... Rárá, kò kú! Ó kù, ó KÙ díẹ̀!... Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá táìlì, kí wọ́n mú ẹlòmíràn. Mi ò wá mọ́... Ẹ máa bínú ná, ẹ̀gbọ́n mi, màá tún pè yín lọ́la."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi tún ẹ̀rọ yẹn ṣe. Ní báyìí, Àlejò Òfurufú ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti Èrúkù dé Òsí, àwọn ọmọ iléèwé sì ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́rin yẹn. Àwọn kan ní àwọn fò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn kan ní àwọn kò tíì fò títí di òní, àwọn kò sì kánjú.

Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in. Bí ẹ bá dé etí òkúta náà, ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí wọ́n kọ. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, ẹ jẹ́ kí oòrùn méjèèjì wọ̀, kí ẹ wá fi ojú ara yín kà á.